Ohùn Fọlọ́runṣọ́ Ṣáájú Àwòrán

Inú ẹ̀rọ àgbékọ́tí ni Fọlọ́runṣọ́ Ọláníyọnu ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé ẹ̀san sí i lọ́kàn. Abala kejì eré họ́kì ti parí, àwọn eléré ti wọlé lọ sinmi, òun sì ń fi tíì gbígbóná tọ́jú ọ̀fun rẹ̀ nínú yàrá kékeré tó ti máa ń ṣàlàyé eré fún àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ kámẹ́rà tó wà níta gbàgbé láti pa makirofóònù. Ohùn tó ṣàdédé wọ etí rẹ̀, ohùn Eli ni, ẹni tó ń mójú tó okòwò ẹgbẹ́ họ́kì wọn.

"Ta ni yóò san dọ́là mẹ́sàn-án lóṣù ní Ohio nítorí irú ohùn yẹn?" Eli ń wí. "Bí ẹni tó fi òkúta sẹ́nu ló ń sọ̀rọ̀. Igbe góòlù rẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú, ìyẹn á tà. Òun fúnra rẹ̀ lè máa lọ sílé."

Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Fọlọ́runṣọ́ gbé ife tíì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tí abala kẹta bẹ̀rẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí dópin, kò ṣi orúkọ ẹnì kan pè. Ṣùgbọ́n ó ti ká ọ̀rọ̀ náà sínú bí ẹni ká ẹní.

Eli yìí kì í ṣe àjòjì sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jókòó nídìí tábìlì Fọlọ́runṣọ́ ní Stone Mountain, lẹ́bàá Atlanta, tó fi ọwọ́ jẹ iyán Tóyìn ìyàwó Fọlọ́runṣọ́, tó ń pe onílé náà ní arákùnrin òun. Nígbà tí ìyá Eli kú, Fọlọ́runṣọ́ ló wa mọ́tò gbé e lọ sí Macon fún ìsìnkú, nítorí omijé ò jẹ́ kó ríran wakọ̀.

Ọmọ Ìkìrun ni Fọlọ́runṣọ́. Kó tó dé Amẹ́ríkà ní 1999, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo ló ti ń ròyìn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, débi pé ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ yóò máa fi etí rí koríko orí pápá. Atlanta ò béèrè ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ títo mọ́tò ló rí, ní gbọ̀ngàn ńlá àárín ìlú tí ẹgbẹ́ họ́kì ńlá ìgbà náà ti ń ṣeré. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ó wọlé lọ wò ó. Ó kọ́kọ́ rò pé ìjà ni. Ìgbà tó yá ló rí i pé eré ni, eré tó yára ju bọ́ọ̀lù lọ, àwọn géńdé lórí bàtà onírin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri orí yìnyín. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni rí ẹbí tó ti sọnù. Nígbà tí wọ́n ta ẹgbẹ́ ńlá náà sí Kánádà ní 2011, ẹ̀ẹ̀kejì tí Atlanta máa pàdánù irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dà bíi pé inú ilé tirẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́rù jáde.

Ìgbà yẹn ló lọ bá ẹgbẹ́ kékeré kan ní Norcross, tí wọ́n ń pè ní Herons. Láàárín ọ̀sẹ̀, ibi ìtọ́jú aláìsàn kan ní Smyrna ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní Sátidé, òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn àhámọ́ kékeré tí wọ́n ń fi eléré tó bá ṣẹ̀ sí. Sátidé kan ní 2014, ọkọ̀ akẹ́rù dojú dé lórí òpópónà I-85, ẹni tó ń ròyìn eré sì há sójú ọ̀nà. John, bàbá arúgbó tó ni ẹgbẹ́ náà, wò yíká, ó ní, "Ta ló mọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ yìí lórí?" Fọlọ́runṣọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sídìí makirofóònù, kò sì dìde níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Góòlù àkọ́kọ́ ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ké bó ṣe máa ń ké ní Òṣogbo: "Ó wọlé! Kò sí ẹ̀bẹ̀!" Kí ọdún náà tó parí, àwọn òyìnbó Gwinnett, agbègbè tí Norcross wà, ti ń ké e lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n wọn tó wọ́: "Ko sebe! Ko sebe!" Ìkànnì ọ̀fẹ́ ló ń gbé eré náà jáde, kò béèrè ju ẹ́ríàlì lọ. Bó bá di agogo méje ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn arúgbó, àwọn tó ń gbé inú apáátímẹ́ǹtì yàrá kan, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ dé, gbogbo wọn á tan tẹlifíṣọ̀n. Ó ti di àṣà.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Eli, ìmeèlì dé. Ẹgbẹ́ ti ta ẹ̀tọ́ ìgbéjáde eré fún Frostgate, ilé iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ń ta eré fún òǹwòran títí dé Ohio. Láti oṣù kẹwàá, ẹni tó bá fẹ́ wo Herons yóò máa san dọ́là mẹ́sàn-án lóṣù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Fọlọ́runṣọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Hephzibah, ọmọbìnrin tó ti ń jókòó tì í láti ọdún méjì, ni yóò gba àyè rẹ̀. Hephzibah pè é, ó ń sunkún lórí fóònù. Fọlọ́runṣọ́ ò bínú sí i. Eli ló tọ́jú gbogbo ìbínú rẹ̀ dè.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìpolówó Frostgate bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Igbe Fọlọ́runṣọ́ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gé kúrò lára eré àtijọ́. Wọ́n tún ń ta ẹ̀wù tí wọ́n kọ "KO SEBE" sí láyà. Ó rí ọ̀kan lọ́rùn ọkùnrin kan níbi tó ti ń ra epo, ó sì dúró wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà títí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi fọn fèrè.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́," Tóyìn wí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Tirẹ̀ ni ẹ̀san."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó dá a lóhùn. "Màá bá a gbé eléyìí."

Ẹni tó la ọ̀nà fún un, ìyá arúgbó kan ni, Miss Joanna, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó ń wá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Detroit ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, họ́kì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ó sọ fún Fọlọ́runṣọ́ pé òun ò ní lè san owó Frostgate, pé owó oògùn ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán.

"Bàbá mi ò fẹ́ràn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n," ó wí, bí ẹ̀rọ ṣe ń yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ká. "Á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, á sì tan rédíò. Àwòrán wọn, ohùn tiwa. Ìwọ, kí ló dé tí o ò lọ sórí rédíò?"

Ọwọ́ Fọlọ́runṣọ́ dúró lórí bọ́tìnì. "Mama, ẹ tún un sọ."

"Rédíò, mo ní. Àbí wọ́n ti ta ìyẹn náà?"

Wọn ò tà á. Ó mú Ṣìkẹ́mi ọmọ rẹ̀ dání, ọmọ tí wọ́n bí sí Atlanta, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, wọ́n jọ lọ bá John. Bàbá náà ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, ẹ̀rọ tó ń mú yìnyín dì ti gbó, owó Frostgate ló sì máa tún un ṣe. Ṣìkẹ́mi ka ìwé àdéhùn náà látòkè délẹ̀, ó tún un kà.

"Daddy," ó wí pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀, "video nìkan ni wọ́n rà. Tẹlifíṣọ̀n àti internet. Radio ò sí nínú ẹ̀ at all."

"Eli bi wọ́n nípa rédíò," John wí. "Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló ń gbọ́ rédíò mọ́."

"Ẹ tà á fún mi," Fọlọ́runṣọ́ wí.

John tà á ní dọ́là kan. Ṣìkẹ́mi tẹ ìwé náà lójú ẹsẹ̀, ojú ewé méjì, bàbá náà sì bu ọwọ́ lù ú kí ẹnikẹ́ni tó pe Eli.

Rédíò tí wọ́n lò, ti Alhaji Abdulqoyyum ni, ọmọ Ìlọrin kan tó ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà ní Norcross. Wáàsí ló ń lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ìwàásù pásítọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìpolówó mọ́tò ní èdè Spanish ló kún àárín wọn.

"Họ́kì?" Alhaji bi í. "Ti àwọn tó ń gbá ara wọn mọ́ ògiri yẹn?"

"Òun ni, Alhaji. Ẹ fún mi ní Sátidé nìkan. Ẹ ó rí i."

"Fọlọ́runṣọ́, ojú ẹ pọ́n. Ṣé eré lo fẹ́ ṣe àbí ìjà?"

"Méjèèjì ni, sà."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ó sì fún un ní Sátidé.

Ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Eli ti gbọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá àwọn oníròyìn, ó ní àyè ti kún. Fọlọ́runṣọ́ ò jiyàn. Ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bí gbogbo èrò, ó jókòó sí ìlà kẹfà láàárín àwọn ará ìlú, ó so makirofóònù mọ́ fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí yíjú padà nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn náà. Obìnrin kan dìde, ó dì mọ́ ọn. Kí abala àkọ́kọ́ tó parí, èrò ti ń ṣí kúrò ní ìjókòó wọn tó dára wá yí i ká.

Ohun tí Eli ò mọ̀, tí Fọlọ́runṣọ́ mọ̀ dájú, ni pé rédíò kì í pẹ́. Àwòrán Frostgate, kó tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé ojú ẹni tó sanwó, ó ń pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn lè fi ka Sáàmù kẹtàlélógún. Ó ti wọ̀n ọ́n nílé pẹ̀lú fóònù méjì. Nígbà tí Herons gbá góòlù àkọ́kọ́, igbe "Kò sí ẹ̀bẹ̀!" jáde lórí rédíò nígbà tí rọ́bà náà ṣì wà ní àárín pápá lójú àwọn tó sanwó. Ní ilé ọtí kan ní òdìkejì títì, àwọn tó wà nídìí rédíò fò sókè, àwọn tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ńlá sì ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ sún mọ́ makirofóònù. "Ẹ̀yin tí ẹ sanwó," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tu ọmọ nínú, "ẹ fara balẹ̀. Góòlù ń bọ̀ wá bá yín."

Gbogbo ìlà kẹfà bú sẹ́rìn-ín. Ní òkè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gíláàsì, ó rí Eli tó dìde dúró. Adùn tó wọ ọkàn Fọlọ́runṣọ́ lákòókò náà, kò mọ ohun tó lè fi wé e. Ó gbójú sókè, ó wò ó, ó sì ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ.

Ó ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Góòlù kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, á ké e, á sì sọ fún àwọn tó sanwó pé tiwọn ń bọ̀ lọ́nà. Ó di ẹ̀fẹ̀ ní gbogbo Gwinnett. Kò sí bí ẹni tó ń wo Frostgate ṣe lè gbádùn eré mọ́. Bí òun bá pa rédíò tirẹ̀, ti aládùúgbò á la ògiri kọjá wá sọ fún un. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé owó tí wọ́n ń san, nígbà tí Frostgate sì béèrè ìdí, wọ́n kọ "Ko sebe" síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá, Ṣìkẹ́mi kọ lẹ́tà ọ́fíìsì sí Frostgate pé bàbá òun ò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti ta ohùn rẹ̀. Wọ́n yọ igbe náà, wọ́n kó ẹ̀wù kúrò lórí àtẹ. Láti ọjọ́ náà, bí góòlù bá wọlé lórí Frostgate, fèrè ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń fọn.

Tóyìn gbìyànjú. "Ó ti tó o. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ lágbára."

"Eli ò tíì mọ̀," ó ní.

Ní oṣù kejì, Frostgate fún John ní ìwé pé àwọn ò ṣe mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni John lé Eli, nítorí òun ló mú òwò náà wá.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọn ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Eli ló dúró síbẹ̀, irùngbọ̀n ti hù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Tóyìn fún un ní omi, nítorí àlejò ni, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín sí i.

"John á gbọ́ tìrẹ," Eli wí. "Sọ fún un pé kó mú mi padà. Mo ní ọmọ méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Arákùnrin mi, mo bẹ̀ ọ́."

"Kí lo sọ nínú ọkọ̀ kámẹ́rà?" Fọlọ́runṣọ́ bi í.

"Èwo?"

"Nípa ohùn mi. Ní oṣù kẹrin, láàárín abala kejì sí ìkẹta. Mo gbọ́ ọ. Sọ ọ́ lójú mi."

Ojú Eli yí padà. Ó wo Tóyìn, ó wo ilẹ̀. "Mo ní bí ẹni tó fi òkúta sẹ́nu."

"Parí ẹ̀."

"Mo ní kó o máa lọ sílé."

"O ṣeun," Fọlọ́runṣọ́ wí. Ó dìde, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó dì í mú. "Ìwọ náà, máa lọ sílé."

Nígbà tí mọ́tò Eli kúrò, Tóyìn gbé ife omi tí ọkùnrin náà ò mu, ó dà á nù. Fọlọ́runṣọ́ jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, ó tún bu ọbẹ̀ kún un.

Àmọ́ ìkọlù tó bọ́ sórí Eli ò mọ sórí Eli. Ní Thursday, Salimat dúró dè é níwájú ibi iṣẹ́ ní Smyrna. Salimat ló ti ń gbé kámẹ́rà ìsàlẹ̀ fún eré Herons láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun ló ń wá ojú eléré tí Fọlọ́runṣọ́ bá ń dárúkọ. Frostgate ló ń san owó rẹ̀ ní sáà yìí. Nígbà tí Frostgate lọ, ọkọ̀ kámẹ́rà lọ, òun àti àwọn méje mìíràn sì di aláìníṣẹ́.

"Uncle Fọlọ́, ẹ kú iṣẹ́," ó wí. "Mo wá kí yín kú oríire ni."

"Salimat, kò rí bó o ṣe rò ó."

"Báwo ló ṣe wá rí? Eli bú yín, ẹ lu Eli. Ó dáa. Èmi tí mo wà láàárín ńkọ́? Ṣé ẹ rántí mi kankan, kódà ẹ̀ẹ̀kan?"

Ó fẹ́ purọ́. Kò lè ṣe é. "Mi ò rántí ẹ," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Màá bá Alhaji sọ̀rọ̀. Wàá máa bá wa ṣe rédíò."

Salimat wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé. "Kámẹ́rà ni mò ń gbé, Uncle. Kí ni kí n yà lórí rédíò?"

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó rí iṣẹ́ ní wáyáháòsì kan, ó ń to páálí. Nígbà tí oṣù kẹwàá yí po, tí John dá eré náà padà sórí ìkànnì ọ̀fẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà méjì péré, Fọlọ́runṣọ́ lọ bẹ Salimat nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà láti padà. Ó padà, ó sì ń kí i. Àmọ́ ó dẹ́kun àtimáa pè é ní Uncle; Mr. Ọláníyọnu ló ń pè é báyìí.

John ní kí Fọlọ́runṣọ́ wá gba ìjókòó rẹ̀ àtijọ́. Ó kọ̀, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Hephzibah, òun ń bẹ lórí rédíò, Miss Joanna sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àlàáfíà yẹ kó wà.

Ṣùgbọ́n Tóyìn rí i pé epo mọ́tò ń tètè tán. Smyrna sí Stone Mountain ò gba epo tó bẹ́ẹ̀. Ó bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́. Eli ti rí iṣẹ́ ní ibì kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù ní ìhà Marietta, lápá ibi tí kì í ṣe ọ̀nà ilé rárá. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni Fọlọ́runṣọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, á dín eré kù, á wo ọkùnrin náà níbi tó dúró sí láàárín mọ́tò, nínú oòrùn, nínú òjò, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò fẹ́ rà.

"Títí di ìgbà wo?" Tóyìn bi í.

Ní Tuesday tó tẹ̀ lé e, ó kọjá níbẹ̀, kò rí Eli. Ó yí padà, ó tún kọjá. Ó páàkì sí òdìkejì títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó. Ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó ń wo àwọn mọ́tò tí kò sí ẹni tó dúró tì wọ́n, inú sì ń bí i bí ẹni tí wọ́n tún jà lólè.